Góòlù Wo Ni Wọ́n Gbá Wọlé Kí Bọ́ọ̀lù Tó Bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ fi orúkọ mi sílẹ̀. Agbẹ̀bí ni mí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbẹ̀bí, ọwọ́ tí mo fi ń gbẹ̀bí yìí náà ni mo sì fi kọ irọ́ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìyá ọlọ́mọ ní wèrè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa bú mi kí wọ́n tó kà á dé ìdajì. Ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ kà á tán.

Èmi ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì ọ̀sán níbi tí wọ́n ti ń gba aboyún tí ara rẹ̀ bá ṣàdédé yí padà. Yàrá gbọọrọ kan ni. Ibùsùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, a fi aṣọ títa pín wọn. Tábìlì kan wà lẹ́nu ọ̀nà, tẹlifóònù wà lórí rẹ̀, ìwé ńlá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù. Aboyún tí nǹkan bá ń ṣe á pè wá, a ó bi í ní ìbéèrè, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: aago tó pè, oṣù inú rẹ̀, ohun tó ń ṣe é, ohun tí a ní kó ṣe.

Ìwé yẹn ló kọ́kọ́ sọ mí di gbajúmọ̀, òun náà ló sì padà tú àṣírí mi.

Mo máa ń ṣí i wò dáadáa, mo sì ṣàkíyèsí ohun kan tí àwọn tó kù ò kíyè sí. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù ńlá bá wà lórí tẹlifíṣọ̀n, látìgbà tí réfíríì bá ti fọn fèrè àkọ́kọ́, àwọn aboyún kì í wá mọ́. Ibùsùn a ṣófo, tẹlifóònù a dákẹ́. Tí bọ́ọ̀lù bá wá parí, kó tó pé wákàtí kan, wọn a ya dé bí ọmọ iléèwé tí wọ́n lu agogo fún.

Mo sọ fún Mátírọ́ọ̀nù wa, kò gbà. Mo ní kó dúró de àṣekágbá ìdíje ọdún náà. Ó dúró, ó sì rí i nínú ìwé lọ́jọ́ kejì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Fèrè.

Kódà àwọn dókítà a máa yọjú sí mi. "Ìyá Fèrè, ìgbà wo ni wọ́n máa dé?"

Màá wo aago. "Ẹ lọ jẹun. Ó di lẹ́yìn aago márùn-ún."

Orí mi á wú. Ẹni tí ìyìn máa ń pa bí ọtí ni mí, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Nínú gbogbo ọgbọ́n tí mò ń gbọ́n, mi ò bi ara mi ní ìbéèrè kan tí ọmọdé á bi: kí ló dé tí wọn kì í wá? Ṣé inú rírun mọ ìgbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ni?

Ọjọ́ Àìkú ni àṣekágbá máa ń bọ́ sí, Mátírọ́ọ̀nù kì í sì í wá síṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ sì mọ̀ pé bí ológbò bá kúrò nílé, ilé di ilé èkúté. Ó ti kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n wá sí ìdí tábìlì wa. Àmọ́ lọ́jọ́ àṣekágbá, èmi fúnra mi ni mo máa ń yọ ọ́ lára ògiri yàrá ìdúró, tí màá gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ìbọ̀wọ́.

Nígbà tó yá, mo tún fi kún un. Bí aboyún bá pè nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ, tí ohun tó ń ṣe é bá jọ ohun kékeré lójú mi, màá ní kó fara balẹ̀ títí bọ́ọ̀lù á fi parí. Ẹsẹ̀ wíwú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó di orí fífọ́. Ó di inú tó ń le tó ń dẹ̀. Mi ò kì í kọ irú ìpè bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, torí mo mọ̀ pé tí wọ́n bá dé la máa kọ wọ́n. Nǹkan kan ò sì ṣẹlẹ̀ rí. Ohun tó bà mí jẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ àṣekágbá tí mò ń sọ yìí, àwa méjì la wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti nọ́ọ̀sì kan tí a ń pè ní Ìyá Ìbejì. Aago mẹ́ta ni bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Ibùsùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣófo bí mo ṣe wí.

Ìdajì àkọ́kọ́ parí láìsí góòlù. Ní ìdajì kejì, àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn kiri pápá, ara wa ò balẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni tẹlifóònù dún.

"Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi gbé e."

"Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn."

Mo gbé e. Ojú mi ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

Obìnrin kan ni. Ó ní télọ̀ ni òun, oyún àkọ́kọ́ òun ni, ó sì ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tí kò fẹ́ yọ èèyàn lẹ́nu.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ yìí ò yí bó ṣe máa ń yí."

"Ṣé kò yí rárá ni?"

"Ó yí díẹ̀ láàárọ̀. Àtìgbà tí mo ti jẹun ọ̀sán, mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́."

Ìwé kan wà lára ògiri wa tí èmi fúnra mi lẹ̀ mọ́bẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé tí ọmọ inú ò bá yí bó ṣe yẹ, kí ìyá máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má dúró de ohunkóhun. Lọ́jọ́ yẹn, tẹlifíṣọ̀n tí mo gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù ló bò ó.

"Ó ń sùn ni," mo wí. "Àwọn ọmọ inú máa ń sùn. Ẹ mu omi tútù, kí ẹ fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Bọ́ọ̀lù ò ní pẹ́ parí. Tó bá parí tí kò bá tíì yí, kí ẹ máa bọ̀."

"Ṣé kò séwu, mà?"

Kí n tó dá a lóhùn, Ìyá Ìbejì fò sókè. Gbogbo ilé ìwòsàn hó yèè. Èmi náà, pẹ̀lú tẹlifóònù létí mi, mo pariwo: "Ó wọlé! Ó ti wọlé o!"

Lẹ́yìn náà ni mo rántí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú, ìyá. Kò séwu." Mo gbé e sílẹ̀.

Ẹyin lohùn. Bó bá bọ́ sílẹ̀, kì í ṣeé kó mọ́.

Bọ́ọ̀lù parí ní nǹkan bí aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Góòlù kan ṣoṣo yẹn la fi borí. Ìgboro dàrú, mọ́tò ò rọ́nà lọ, wọ́n ń fun fèrè ọkọ̀, wọ́n ń jó lórí títì. Àwọn aboyún tí mo sọ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń ní kí Ìyá Ìbejì kà wọ́n.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni télọ̀ náà wọlé. Ọkọ rẹ̀, kápẹ́ńtà ni, wọ ẹ̀wù àwọn agbábọ́ọ̀lù wa. Ìyá ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, ó gbé báàgì ẹrù ọmọ dání. Bí télọ̀ ṣe kí mi báyìí ni mo dá ohùn rẹ̀ mọ̀.

"Ọmọ náà ò tíì yí, mà."

Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ lílù ọkàn ọmọ lé e nínú. Mo gbọ́ ọkàn ìyá. Mo wá tọmọ lápá ọ̀tún, mo wá a lápá òsì, mo wá a nísàlẹ̀ ìdodo.  Níta, wọ́n ṣì ń kọrin.

Ó wò mí lójú. "Ṣé ó ń sùn náà ni, mà?"

 Mo lọ pe dókítà. Òun ló sọ fún wọn pé ọmọ náà ti kú.

Ìyá ọkọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú báàgì láyà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru lọ́jọ́ náà débi pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá gbé e lọ sílé tirẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀, dókítà sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ ọmọ náà létí rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi yá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí wọ́n ti gbé télọ̀ lọ sí yàrá ìbímọ, mo padà sídìí tábìlì. Mo ṣí ìwé. Ẹni tó pè kẹ́yìn pè ní aago méjì àbọ̀. Ìlà tó tẹ̀ lé e ṣófo.

Ìyá Ìbejì dúró lẹ́yìn mi. "Ẹ máa kọ ọ́ bó ṣe rí, àbí?"

"Kí lẹ rò?"

 Ó lọ gbé tẹlifíṣọ̀n padà síbi tí a ti yọ ọ́.

Mo kọ ọ́ báyìí: "Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oyún oṣù mẹ́sàn-án. Ọmọ ò yí dáadáa. Mo ní kí ó máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀."

Ẹ mọ ìdí tí mo fi mú aago yẹn? Mo fẹ́ kí ìpè náà ṣáájú bọ́ọ̀lù, kó má bàa sẹ́ni tó máa sọ pé bọ́ọ̀lù ló wà lójú mi. Ara mi ni mò ń dáàbò bò. Mi ò rò ó pé ohun tí mo bá gbé kúrò lórí ara mi gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ẹlòmíràn.

Ọjọ́ kẹrin ni Mátírọ́ọ̀nù pè wá jọ sínú ọ́fíìsì rẹ̀, tọkọtaya náà, dókítà àti èmi. Ó ka ìlà náà sókè.

"Ìyá," ó fi pẹ̀lẹ́ sọ fún télọ̀, "wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Aago mẹ́fà lẹ dé. Kí ló dá yín dúró láti aago mẹ́ta?"

Télọ̀ yíjú sí mi. "Wọ́n ní kí n dúró kí bọ́ọ̀lù parí ni."

"Mo ní kí wọ́n máa bọ̀," mo wí. "Bóyá ọkàn wọn ti dàrú ni."

Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi, mo sọ fún yín. Mo wá bá yín ní pálọ̀, mo ní nọ́ọ̀sì ní kí n dúró."

Kápẹ́ńtà ń wo ilẹ̀. "Mi ò rántí. Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò."

"Fóònù yín ni mo fi pè. Ẹ jẹ́ ká wo aago tó wà nínú rẹ̀."

"Mo ti nu gbogbo rẹ̀ kúrò."

Ẹ̀yin èèyàn, mo mí kanlẹ̀. Níbi tí obìnrin yẹn ti ń wo ojú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń wá ẹni tó máa gbà á gbọ́, ara tu èmi.

Dókítà ní kò sẹ́ni tó lè búra pé ọmọ náà ì bá yè ká ní ìyá rẹ̀ tètè dé, kò sì sẹ́ni tó lè búra pé kì bá tí yè. Gbólóhùn yẹn ni mò ń bá sùn, òun ni mo sì ń bá jí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, télọ̀ wá fún àyẹ̀wò. Òun nìkan ló wá. Ó ti rù. Ó ní òun fẹ́ rí mi. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi jà ni. Ńṣe ló kúnlẹ̀.

"Mà, mo wá bẹ̀ yín. Ẹ má bínú pé mo purọ́ mọ́ yín."

Mo ní kó dìde, kò gbà.

"Ó ṣe kedere létí mi pé ẹ ní kí n dúró," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ìwé. Ọkọ mi náà ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Kì í bá mi jẹun mọ́, ó ní èmi ni mo jókòó pa ọmọ. Tí mo bá ń ran aṣọ báyìí, màá dúró, màá máa bi ara mi pé ṣé mo ran apá yìí tán lóòótọ́ àbí mo kàn rò pé mo ran án ni. Mi ò rò pé orí mi pé mọ́, mà."

Ọ̀rọ̀ kan péré ló máa gbà á sílẹ̀. Ó wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo sọ fún un, kí n má fi pamọ́ fún yín. Mo fà á dìde, mo ní, "Mo ti dárí jì yín."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tó oṣù kan. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Àwọn aboyún kún orí bẹ́ǹṣì títí dé ẹnu ọ̀nà. Mátírọ́ọ̀nù ń pín káàdì fún wọn. Ìyá ọkọ télọ̀ wọlé, ara rẹ̀ ti yá, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Ta ló gbé tẹlifóònù yín lọ́jọ́ àṣekágbá bọ́ọ̀lù?"

 Màmá wò mí. "Ẹ sọ̀rọ̀ kí n gbóhùn yín."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Ohùn náà nìyí." Kò pariwo. "Àná ni mo délé tí ọmọ mi ń sọ fún mi pé wọ́n ní kí ìyàwó mi tètè máa bọ̀, ó kọ̀. Ta ló ní kó máa bọ̀? Ìyàwó mi ṣí ohùn fóònù náà síta, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń ká aṣọ ọmọ. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ pé kó dúró kí bọ́ọ̀lù parí. Mo ní ká máa lọ. Ó ní, 'Màmá, nọ́ọ̀sì ní kò séwu, nọ́ọ̀sì mọ̀ jù wá lọ.'"

Mátírọ́ọ̀nù fi káàdì sílẹ̀. "Màmá, ó wà nínú ìwé wa pé—"

"Mi ò mọ̀wé. Mo mọ ohun tí mo gbọ́. Ìyàwó mi ń bèèrè bóyá kò séwu, ẹni yìí ń pariwo sí i létí pé ó wọlé, ó ti wọlé o. Gbogbo àdúgbò wa náà hó lẹ́ẹ̀kan náà."

Mátírọ́ọ̀nù lọ gbé ìwé náà wá. Ó ṣí i, ó fi ìka wá ìlà náà, ó wá bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ níwájú gbogbo wọn:

"Aago mélòó ni bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Aago mẹ́ta, mà."

"O kọ ọ́ síbí pé aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lo bá wọn sọ̀rọ̀. Góòlù wo ni wọ́n gbá wọlé kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀?"

 Góòlù kan ṣoṣo ni wọ́n gbá lọ́jọ́ náà, kò sì sí ọmọ ọdún mẹ́wàá nílùú yẹn tí kò lè sọ ìṣẹ́jú tó wọlé. Mo lè yí aago inú ìwé padà. Mi ò lè yí tìyẹn.

Ìyá Ìbejì sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Òótọ́ ni Màmá sọ. Mo wà níbẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì fi ọwọ́ bo inú rẹ̀. Ó ti pè mí rí lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, mo sì mọ ohun tí mo sọ fún un.

Kí n tètè sọ ti ìjìyà mi, kí n lè dé ibi tí mò ń lọ. Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ mi, mi ò sì gbọdọ̀ gbé tẹlifóònù yẹn mọ́ títí màá fi fẹ̀yìn tì. Ó tọ́ sí mi. Ṣé ẹ rántí àwárí tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Fèrè? Mi ò mọ iye àwọn aboyún tó jẹ́ pé èmi ni mo ní kí wọ́n jókòó sílé tí mo wá ń kà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò wá. Mi ò lè mọ̀ ọ́n láéláé, torí mi ò kọ wọ́n.

Mátírọ́ọ̀nù bi télọ̀ ohun tó fẹ́ ká ṣe fún òun. Ohun kan péré ló bèèrè. Ó ní kí n wá fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ọkọ òun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la lọ, èmi àti Mátírọ́ọ̀nù. Ibùsùn ọmọdé kan wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ wọn, pákó rẹ̀ ń dán, kápẹ́ńtà ló kàn án fúnra rẹ̀. Wọ́n ti da aṣọ bò ó. Màmá jókòó lórí àga, télọ̀ dúró tì í. Mo kúnlẹ̀ níwájú kápẹ́ńtà.

"Ìyàwó yín ò purọ́. Aago mẹ́rin kọjá ni wọ́n pè mí. Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró kí bọ́ọ̀lù parí. Irọ́ ni mo kọ sínú ìwé."

Mo retí kó lù mí. Kò gbé ọwọ́, kò sì wò mí. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó sì nà án sí ìyàwó rẹ̀.

"Mi ò nù ún," ó ní.

Télọ̀ ò gbà á. Kápẹ́ńtà ní kó dárí ji òun. "Nígbà tí o wá sọ fún mi pé wọ́n ní kí o dúró, inú mi dùn pé mi ò ní dìde nídìí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọ́n wá ka ìwé yẹn, mo ní kó kúkú rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

Orí ìkúnlẹ̀ tí mo wà ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe gan-an. Mo rò pé ara mi nìkan ni mo fi pamọ́ sábẹ́ ìlà kan yẹn. Èèyàn méjì ló sá sábẹ́ rẹ̀, a sì fi obìnrin yẹn sílẹ̀ níta.

Télọ̀ wá gba fóònù náà. Ó wá orúkọ ilé ìwòsàn wa, ó sì kà á sókè, ó ń fi ìka tọ́ ọ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. "Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

Ó tún un kà. Kò wo ọkọ rẹ̀, kò wo èmi náà. Ó gbé fóònù náà lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì fi hàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé màmá ò mọ̀wé.

"Màmá," ó ní, "orí mi pé."